Ohun Tí Olùdìbò Yẹ Kí Ó Ṣe Nígbà Tí Wọ́n Bá Kéde Pé Ìdìbò Kò Tíì Parí

Nígbà tí ẹni tí àjọ INEC yàn láti kéde èsì bá ka iye ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tán, tí ó wá sọ pé òun kò lè pe ẹnikẹ́ni ní ẹni tí ó wọlé, ọ̀rọ̀ náà máa ń gún olùdìbò lọ́kàn ju kí wọ́n sọ fún un pé ẹni tirẹ̀ fìdí rẹmi lọ. Ẹni tí ó ti tò láti ìdájí, tí oòrùn pa, tí ó sì dúró kí wọ́n ka ìbò tán lójú rẹ̀, yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun wá ṣe níbẹ̀. Mo mọ bí ó ti ń rí lára. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwa ará Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti gbogbo gúúsù Kwara, nítorí pé àwọn ọjọ́ tí ó wà láàárín ìkéde yẹn àti ìkéde ìkẹyìn ni iṣẹ́ olùdìbò pọ̀ jùlọ, àwọn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ wa ń fi ṣe ìjà tàbí tí a ń fi káwọ́ gbera.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ìbò tí wọ́n ti kà kò nù. Àwa tí a dìbò ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993 kò gbàgbé ọjọ́ 23 oṣù náà, nígbà tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fagi lé ìdìbò tí Olóyè MKO Abíọ́lá ti ń borí nínú rẹ̀, títí kan ìpínlẹ̀ Kwara wa níbí. Ọgbẹ́ yẹn ni ó máa ń ṣí lára àwọn àgbà nígbàkúùgbà tí wọ́n bá gbọ́ pé èsì kò jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjèèjì yàtọ̀ síra. Ìfagilé a máa kó gbogbo ìbò dànù, nígbà tí ó jẹ́ pé níbi tí ìdìbò ipò gómìnà kò bá tíì parí, èyí tí wọ́n kà a máa wà nílẹ̀, ìyókù ni wọ́n ń retí kí wọ́n lè rò ó mọ́ ọn. Ẹ wo ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ó bá wa pààlà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, Ademola Adeleke ti ẹgbẹ́ PDP ní ìbò 254,698, Gboyega Oyetola ti APC sì ní 254,345. Ìbò 353 péré ni ó wà láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ olùdìbò 3,498 wà ní ibùdó ìdìbò 7 tí ìdìbò ti forí ṣánpọ́n. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà, ibùdó 7 yẹn nìkan ni wọ́n ti padà dìbò, nígbà tí wọ́n sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, Oyetola ní 255,505, Adeleke ní 255,023. Kò sí ẹni tí wọ́n ní kí ó wá tún ìbò rẹ̀ dì ní Ìkìrun tàbí ní Ìwó, nítorí pé tiwọn ti wà nínú ìṣirò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wádìí ìdí tí wọ́n fi sọ pé kò parí. Ìdí tí ó wọ́pọ̀ ni pé àwọn ibùdó kan wà tí ìdìbò kò ti wáyé tàbí tí wọ́n ti fagi lé èsì wọn, bóyá nítorí ìjà, bóyá nítorí pé ìbò tí ó wà nínú àpótí pọ̀ ju iye àwọn tí BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀ kí ó tó dìbò, yẹ̀ wò lọ, èyí tí Òfin Ìdìbò ní kí wọ́n fagi lé. Ìṣirò tí ó kàn kò le: ẹ yọ iye ẹni kejì kúrò nínú iye ẹni àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi ohun tí ó kù wé iye káàdì ìdìbò tí àwọn ènìyàn ti gbà ní àwọn ibùdó náà. Bí káàdì bá pọ̀ ju àlàfo lọ, wọn kò lè kéde ẹnikẹ́ni. Ní Adamawa ní ọdún 2023, ìbò 31,249 ni gómìnà fi ṣíwájú ẹni tí ó tẹ̀ lé e, káàdì tí ó wà ní ibùdó 69 tí ó kù sì jẹ́ 37,016. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lè ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ̀ nínú ilé kò ní gbà fún ẹni tí ó bá ń pariwo pé wọ́n ti já ìbò gbà lọ́wọ́ wa kí ó tó rí ẹ̀rí kankan, kò sì ní gbà fún ẹni tí ó bá ń pa àlàfo ńlá mọ́lẹ̀ láti fi dá èsì dúró.

Ti ipò ààrẹ tún ní ọ̀nà mìíràn tí ó lè gbà ṣàìparí. Abala 134 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ọdún 1999 sọ pé ẹni tí yóò di ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìbò tí ó pọ̀ jùlọ, kí ó sì ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ àti Abuja. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ní méjèèjì pọ̀, gbogbo orílẹ̀-èdè yóò tún ìbò dì láàárín ọjọ́ 21, olùdíje méjì péré ni yóò sì wà lórí ìwé: ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jùlọ, àti ẹni tí ó borí ní ìpínlẹ̀ tí ó pọ̀ jùlọ nínú àwọn ìyókù. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa, nítorí pé ẹni kejì yìí lè máà jẹ́ ẹni tí ó gbé ipò kejì nínú àròpọ̀ ìbò. Láti ọdún 1979 tí a ti ń dìbò yan ààrẹ, a kò tíì dé ibẹ̀ rí, ṣùgbọ́n a sún mọ́ ọn lọ́dún àkọ́kọ́ gan-an, nígbà tí ìpínlẹ̀ jẹ́ 19, tí gbogbo ènìyàn ń jiyàn lórí ohun tí ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 jẹ́, títí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fi fọwọ́ sí ìwọlé Alhaji Shehu Shagari lórí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àwọn àgbà Kwara tí wọ́n ṣe UPN, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, àti àwọn tí wọ́n ṣe NPN, ẹgbẹ́ Shagari, nígbà náà ṣì lè bá yín sọ ọ́ di òru.

Iṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì jùlọ lójú mi ni kí ẹ ní àkọsílẹ̀ tiyín. Ìyá oníṣòwò ní ọjà Ìpata kì í fi káàdì tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ aláàjọ. Bí aláàjọ ti ń sàmì sí ìwé rẹ̀ ni òun náà ń sàmì sí èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ ṣe. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ka ìbò tán ní ibùdó ìdìbò, ó yẹ kí ọ̀gá ibùdó lẹ ìwé èsì tí wọ́n ń pè ní EC60E mọ́ ibi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i. Ẹ yà á ní fọ́tò, kí gbogbo igun ìwé náà hàn, kí nọ́ńbà ibùdó àti òǹtẹ̀ rẹ̀ ṣeé kà. Ẹ má yọ fóònù níbi tí ènìyàn ti ń tẹ̀ka, nítorí òfin kọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn kíkà ni ọ̀rọ̀ fọ́tò kàn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ kọ iye àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀, iye àwọn tí BVAS yẹ̀ wò, ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ìbò tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ aago tí wọ́n parí. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn tàbí ní ọjọ́ kejì, ẹ ṣí IReV, ojúlé ayélujára tí INEC ń gbé ìwé èsì sí, ẹ wá ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, wọ́ọ̀dù àti ibùdó yín, kí ẹ fi fọ́ọ̀mù EC8A, ìyẹn ìwé èsì ibùdó tí ó wà níbẹ̀, wé tiyín. A rí i ní oṣù Kejì ọdún 2023 pé àwọn ìwé èsì ipò ààrẹ kò gòkè sórí IReV ní àsìkò tí a retí, ìbànújẹ́ ńlá ni ó sì jẹ́ fún àwọn tí wọ́n ti gbẹ́kẹ̀ lé e. Nítorí náà, fọ́tò tiyín ṣe pàtàkì, pàápàá ní àwọn abúlé tí nẹ́tíwọọ̀kì kò dára ní apá Ìlọ́fà àti àwọn ìlú orí òkè. Ẹ tọ́jú fọ́tò náà bí ó ti jáde látinú kámẹ́rà, nítorí pé bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó máa ń dínkù, àwọn nọ́ńbà kéékèèké sì lè di bàìbàì.

Ní ti ìròyìn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ máa bi ẹni tí ó bá mú èsì wá: ta ni ó kéde rẹ̀, ṣé òun sì ni òfin fún láṣẹ? Nọ́ńbà tí ejẹ́ǹtì ẹgbẹ́ kà lórí fóònù kì í ṣe èsì. Àpapọ̀ wọ́ọ̀dù kan kì í ṣe ti ìjọba ìbílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti ìjọba ìbílẹ̀ 16 tí ó wà ní Kwara kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè. Àní òṣìṣẹ́ INEC pàápàá lè sọ ohun tí kò láṣẹ láti sọ. Ní Adamawa tí mo mẹ́nu bà, ọ̀gá INEC ní ìpínlẹ̀ náà jáde ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 2023, ó ní olùdíje kan ti wọlé nígbà tí wọn kò tíì kó èsì jọ tán, tí kì í sì í ṣe òun ni wọ́n yàn láti kéde. INEC sọ pé òfo ni ìkéde náà, ọjọ́ 18 oṣù náà ni wọ́n kéde ẹlòmíràn. Ẹni tí ó ti jó yí ìlú ká nítorí ìkéde àkọ́kọ́ yẹn, báwo ni yóò ṣe padà wojú àwọn aládùúgbò rẹ̀? Ẹ jókòó ti rédíò, ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tí ó tọ́, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Inú agbo ilé wa sì ni ọ̀rọ̀ náà ti máa ń le jùlọ. Ní Ìlọrin, ọmọ bàbá kan náà lè wà nínú ẹgbẹ́ mẹ́ta, kí gbogbo wọn sì máa jẹun nínú àwo kan. Láti ìgbà igbe ìpolongo ìdìbò “Ó tó gẹ́” ti ọdún 2019 ni mo ti rí i pé ẹnu ń mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà mo bẹ̀ yín: ní ọjọ́ tí èsì kò jáde, ẹ má bú ẹni tí ó dìbò fún ẹlòmíràn, ẹ má bá ẹnikẹ́ni ta tẹ́tẹ́ lórí rẹ̀, ẹ má sì kó ọ̀dọ́ lẹ́yìn lọ sí ẹnu ọ̀nà alátakò. Bí inú bá ń bí yín, ẹ lọ sọ ọ́ fún ẹni tí ó ju yín lọ tí kì í ṣe olóṣèlú. Ìbínú náà kò burú, ẹni tí ọ̀rọ̀ ìlú kò dùn ni kì í bínú. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ó má ná yín ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò.

Bí ó bá jẹ́ pé ibùdó yín wà lára àwọn tí wọn yóò ti padà dìbò, gbogbo ojú orílẹ̀-èdè yóò kọjú sí yín. Kìkì ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà ní ibùdó náà, tí káàdì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́, ni yóò dìbò. Ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ ní Èkó kò lè fi í dìbò ní Ọ̀fà, ì báà jẹ́ ọmọ bíbí ibẹ̀. Ẹ jáde ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ẹ jáde pọ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ sì mú àwọn ìyá àgbà lọ́wọ́, nítorí pé ní Ọ̀ṣun lọ́jọ́ 27 yẹn, àwọn alákìíyèsí ráhùn pé wọ́n dẹ́rù ba àwọn olùdìbò kan. Owó tún máa ń gòkè ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, níwọ̀n bí àwọn tí wọ́n ń wá kò ti pọ̀. Ẹ kọ̀ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Bí ibùdó yín kò bá sì sí nínú rẹ̀, ẹ dúró sílé, ẹ má lọ ṣe ìwòran.

Lẹ́yìn ìkéde ìkẹyìn, olùdíje tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó lè gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ ìdìbò, ọjọ́ 21 péré ni wọ́n sì ní láti fi ṣe é, kí ilé ẹjọ́ náà tó dájọ́ láàárín ọjọ́ 180. Olùdìbò kò lè pẹjọ́, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ pẹ̀lú ìbúra láti ìgbà tí wọ́n bá ti ń gbé ẹjọ́ náà kalẹ̀, nítorí náà ẹni tí fọ́tò rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kà níbi tí wọ́n ti kó èsì jọ kò gbọ́dọ̀ dúró de oṣù tí ń bọ̀. Kí ó wá ejẹ́ǹtì tàbí agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó mú fóònù tí ó fi ya fọ́tò náà lọ́wọ́, àti ìwé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní ibùdó.