Bí Mo Ṣe Ṣe Àdàkọ Ohun Inú Vector Kan Sínú Òmíràn

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi C++, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ṣe kò ju èyí lọ: iye owó tí ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa 312 dá lóṣù kan wà nínú vector kan (àkójọ tó ń to iye ní tẹ̀léǹtẹ̀lé) tí mo pè ní owo, mo sì fẹ́ dà wọ́n kọ sínú òmíràn tí mo pè ní adako, kí n lè to àdàkọ náà láti orí èyí tó kéré jù láìjẹ́ pé ti àkọ́kọ́ dàrú.

Mo kọ ọ́ báyìí: std::copy(owo.begin(), owo.end(), adako.begin()), ìyẹn ni pé kí ó kó ohun inú owo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin sí ìbẹ̀rẹ̀ adako. Compiler, ètò tó ń sọ ohun tí mo kọ di èyí tí kọ̀ǹpútà lè ṣe, gbà á láìjanpata, ṣùgbọ́n bí mo ti ní kí ó ṣiṣẹ́ ni ó dúró gbagidi, tí "segmentation fault" (ètò fẹ́ fọwọ́ kan àyè tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú ìrántí kọ̀ǹpútà) sì hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo gbójú fò ni pé std::copy kì í wá àyè fún ẹrù tó ń kó. Ibi tí a bá nawọ́ sí ni yóò máa kó o sí, bẹ́ẹ̀ adako ṣófo, kò ní àyè fún ẹyọ kan ṣoṣo.

Mo wá fi adako.reserve(312) ṣáájú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó ṣiṣẹ́ dé òpin, inú mi sì dùn, àfi ìgbà tí mo tẹ adako.size(), iye ẹyọ tó wà nínú rẹ̀, jáde tí mo rí 0. Èyí bà mí lẹ́rù ju ti ìṣáájú lọ, nítorí pé àṣìṣe tó bá pariwo, èèyàn á wá a rí, ṣùgbọ́n èyí tó dákẹ́ lè wà níbẹ̀ títí owó olówó yóò fi sọnù nínú ìṣirò. Ilẹ̀ lásán ni reserve ń rà sílẹ̀. Resize ló ń kọ́ yàrá sórí rẹ̀, tó sì ń fi 0 sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí iye gidi tó wọlé.

std::back_inserter(adako) ni mo fi rọ́pò adako.begin() níkẹyìn. Ó ń pe push_back, àṣẹ tó ń fi ẹyọ kún ìparí vector, fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà adako ń gbòòrò bí ẹrù ti ń dé. Mo rí 312. Mo sọ adako[0] di 5000 láti dán an wò, owo[0] sì dúró lórí 2000 tó wà tẹ́lẹ̀.

Lóòótọ́, adako = owo ìbá ti tó fún oṣù kìíní, òun ló sì yá jù; ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó owó oṣù kejì lé e lórí, àmì = yóò sì pa ti ìṣáájú rẹ́. Nígbà tí mo kó ti oṣù kejì wọlé, size() fún mi ní 624.