Gbèsè ti tán, wọ́n ṣì ń gé owó oṣù: ọ̀nà tó fi dúró

Ẹ̀yáwó oṣù 12 ti parí, síbẹ̀ ₦18,500 ṣì ń kúrò nínú owó oṣù mi lóṣooṣù. Ọpẹ́ ni, ó ti dúró báyìí.

Pípe ayánilówó lórí fóònù kò so èso. Pípààrọ̀ báǹkì náà ò ràn án, torí ẹ̀ka ìṣirò owó níbi iṣẹ́ ni wọ́n ti ń gé e kí owó tó dé báǹkì rárá.

Ohun tó ṣiṣẹ́ rèé. Ẹ kó gbogbo ìwé owó oṣù jọ láti ìgbà tí gígé ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi báírò pupa yí gígé kọ̀ọ̀kan ká, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà sí wọn: 1, 2, títí dé 14. Ìkẹtàlá àti ìkẹrìnlá ni àlékún. Ẹ kọ lẹ́tà sí ayánilówó, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí pé ẹ ò jẹ gbèsè mọ́, kí ẹ sì béèrè ₦37,000 náà padà. Ẹ̀dà méjì ni o. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀, kí wọ́n kọ déètì sórí èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín. Láìsí ìyẹn, wọ́n lè ní àwọn ò rí lẹ́tà kankan.

Ẹ mú ìwé ẹ̀rí náà lọ bá àwọn tó ń ṣètò owó oṣù ní Sẹkitéríàtì Agodi (ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ n'Ìbàdàn) ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Bí ẹ bá pẹ́, wọ́n á tún gé ọ̀kan sí i.

Bí gbèsè bá ṣì kù, èyí ò lè ṣiṣẹ́. Ẹ bẹ ayánilówó kí wọ́n dín iye oṣooṣù kù, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ àṣẹ ilé ẹjọ́ ló di owó yín mú ní báǹkì, ẹ tètè wá lọ́yà kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó pé.