Àrọ̀ tàbí hẹ́tẹ̀rò? Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú yíyan ẹja tí yóò bímọ

Àrọ̀ (Clarias) àti Heterobranchus, tí àwọn tó ń sin ẹja ń pè ní hẹ́tẹ̀rò, jọ ara wọn bí ìbejì. Bí apẹja bá kó wọn wá láti adágún Ọ̀yán tàbí láti Odò Ògùn tó ń kọjá ní Láfẹ́ńwá, inú ọpọ́n kan náà ni wọ́n máa ń wà. Ẹni tó fẹ́ fi wọ́n se ọbẹ̀ kò ní wàhálà. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ kí wọ́n bímọ fún òun ní Abẹ́òkúta kò gbọdọ̀ ṣì wọ́n mú.

Ẹ má fi àwọ̀ dá wọn mọ̀. Omi tí ẹja ń gbé máa ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ìpayà náà sì ń yí i. Ẹ má ka irùngbọ̀n: mẹ́jọ mẹ́jọ ni àwọn méjèèjì ní. Títóbi ńkọ́? Hẹ́tẹ̀rò máa ń tóbi ju àrọ̀ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí kò tíì dàgbà kò ní fi ìyẹn hàn yín.

Ẹ̀yìn ni kí ẹ wò. Ẹ fi aṣọ tútù bo orí ẹja, ẹ gbé e sínú omi díẹ̀, kí ẹ wá fi àtàńpàkò tọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìpakọ́ lọ sí ìrù. Lẹbẹ́ kan gbọọrọ ni àrọ̀ ní, eegun tín-ín-tín-ín wà nínú rẹ̀ títí dé ìtòsí ìrù. Ti hẹ́tẹ̀rò kò rí bẹ́ẹ̀: eegun á tán lójú ọ̀nà, ohun tí ọwọ́ á wá bá lẹ́yìn rẹ̀ ni lẹbẹ́ ọ̀rá, tó rọ̀ bí etí ọmọdé. Bí ẹ bá nà án sójú oòrùn, ẹ ò ní rí eegun kankan nínú rẹ̀.

Ẹ má kánjú níbẹ̀ o. Ẹja tó pọ̀ jù nínú tánkì kan máa ń bu ara wọn jẹ. Ọgbẹ́ lè jinná kí àlàfo kù, kí lẹbẹ́ àrọ̀ wá dà bíi méjì. Ẹ tẹ apá tó wà lẹ́yìn àlàfo náà: bí eegun bá wà níbẹ̀, àrọ̀ ni.

Èyí tó léwu jù ni àdàlù, ìyẹn ọmọ tí àrọ̀ àti hẹ́tẹ̀rò jọ bí. Lẹbẹ́ ọ̀rá rẹ̀ sábà máa ń kéré, ṣùgbọ́n kíkéré nìkan kò tó ẹ̀rí. Ti Heterobranchus longifilis gùn dáadáa, ti Heterobranchus bidorsalis sì kúrú ju lẹbẹ́ eléegun tó wà níwájú rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ hẹ́tẹ̀rò gidi ni méjèèjì. Nítorí náà, bí ẹni tó ń tà á kò bá lè sọ ìyá àti bàbá ẹja náà, ẹ má fi ṣe ẹja tí yóò bímọ. Àdàlù dára fún títà àti jíjẹ, àmọ́ ìbímọ rẹ̀ kò ṣe é gbára lé: ẹyin tó pọ̀ lè má pa. Ẹ má sì dà á sínú odò, kó má baà dàpọ̀ mọ́ irú tó wà níbẹ̀.

Ní ti ọmọ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́ rárá. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ló yí i ká láti ẹ̀yìn dé ìrù, lẹbẹ́ kò tíì yà sọ́tọ̀. Tánkì tí ẹ kó wọn sí ni kí ẹ kọ orúkọ ìyá àti bàbá wọn sí lára.