Bí Ọfọ̀ Bard Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Dungeons & Dragons

Nínú Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tí olúkúlùkù ti ń ṣe ẹ̀dá inú ìtàn tí dáìsì sì ń pinnu ohun tó ṣẹlẹ̀, bard ni akọrin tó ń pe ọfọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi bard bẹ̀rẹ̀ eré yìí ló máa ń rò pé akọrin lásán ni, ẹni tí yóò máa ta gìtá lẹ́yìn nígbà tí àwọn jagunjagun bá ń jà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú òfin ọdún 2014, èyí tí a ó tẹ̀ lé níbí, bard ń pe ọfọ̀ títí dé ti ìpele 9 bíi ti wizard, oṣó inú eré náà. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé wizard lè máa kọ ọfọ̀ sínú ìwé rẹ̀ bó ṣe ń rí i, àmọ́ bard tó wà ní ìpele 1 kò mọ̀ ju 4 lọ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló sì ń fi kún un láti ìpele 2 dé 9. Nítorí náà, iṣẹ́ ńlá ibẹ̀ ni yíyàn.

Charisma, ìyẹn agbára ìfanimọ́ra ẹ̀dá yín, ni ohun gbogbo dúró lé. Ká ní ti bard yín jẹ́ 16: àfikún rẹ̀ jẹ́ 3, proficiency (àfikún ìmọ̀ṣẹ́) ìpele 1 sì jẹ́ 2. Ẹ fi 8 kún un, ó di 13. Nọ́ńbà tí dáìsì ọ̀tá pẹ̀lú àfikún ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé kó tó bọ́ lọ́wọ́ ọfọ̀ yín nìyẹn; saving throw ni wọ́n ń pe jíju dáìsì yìí. Ẹ wá wo goblin, ẹ̀dá kékeré búburú inú ìwé òfin. Wisdom (ọgbọ́n) rẹ̀ jẹ́ 8, ìyẹn -1, torí náà ó gbọ́dọ̀ ju 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lórí dáìsì olójú 20. Ojú 7 péré ló lè gbà á. Ṣùgbọ́n Dexterity (ìyára ara) rẹ̀ jẹ́ 14, ìyẹn +2. Bí ọfọ̀ yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi Dexterity sá fún, ojú 10 ló máa gbà á. Goblin kan náà, bard kan náà. Ìdí nìyí tí kò fi dáa kí gbogbo ọfọ̀ tí ẹ mọ̀ máa kọlu ibì kan ṣoṣo lára ọ̀tá.

Spell slot ni àyè tí ẹ ń ná bí ẹ bá pe ọfọ̀. Ó jẹ́ 2 ní ìpele 1, 3 ní ìpele 2. Ní ìpele 3, ẹ ní 4 fún ọfọ̀ ìpele 1 àti 2 fún ti ìpele 2. Ibí yìí ló ń rú ọ̀pọ̀ lójú: ìpele bard yàtọ̀ sí ìpele ọfọ̀. Ìgbà tí bard bá dé ìpele 5 ló tó lè pe ọfọ̀ ìpele 3. Àyè tí ẹ bá sì ti ná kì í padà àfi lẹ́yìn ìsinmi gígùn, wákàtí 8.

Cantrip, ìyẹn ọfọ̀ kékeré, kì í ná àyè kankan. 2 lẹ ní níbẹ̀rẹ̀, kí Vicious Mockery sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Èébú ni. Ẹni tó ti rí onídùndún tó ń fi ìlù bú èèyàn lójú agbo yóò tètè lóye rẹ̀. Ọ̀tá gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn yín, kò pọn dandan kó gbọ́ èdè yín. Dáìsì olójú 4 kan ṣoṣo ni ìpalára rẹ̀, kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ọ̀tá yóò ju dáìsì méjì nígbà tó bá tún fẹ́ lu èèyàn, èyí tó kéré ni yóò sì gbà. Lílù ẹyọ kan ṣoṣo ló ń bà jẹ́, nítorí náà ẹ má fi ṣòfò lára ẹni tó ń lu èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìgbà kan. Ogre, òmìrán tó ń gbé kùmọ̀ ńlá sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ bú.

Ọfọ̀ 4 tí a máa ń yàn fún ìpele 1 ni Healing Word, Dissonant Whispers, Faerie Fire àti Sleep. Healing Word máa ń gbé ẹni tó ti ṣubú dìde láti ẹsẹ̀ bàtà 60, bonus action, ìyẹn ìṣe kékeré tí ẹ lè fi kún action (ìṣe pàtàkì) yín, ló sì ń gbà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé èèyàn á pè é tán, á tún fẹ́ fi action rẹ̀ pe ọfọ̀ ńlá mìíràn. Òfin kò gbà. Cantrip nìkan ló kù fún yín lásìkò yẹn. Dissonant Whispers ń ṣe ìpalára dáìsì olójú 6 mẹ́ta, ó sì ń lé ọ̀tá sá kúrò níwájú yín. Reaction rẹ̀, ìyẹn ìfèsì ojú ẹsẹ̀, ló fi ń sá, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń rìn, torí náà ẹlẹgbẹ́ yín tó dúró tì í lè gbá a bó ṣe ń kọjá.

Sleep gba àlàyé díẹ̀. Dáìsì olójú 8 márùn-ún lẹ ó jù, ẹ ó sì fi àròpọ̀ rẹ̀ mú àwọn tó wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ibi tí ẹ yàn, bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tí hit point (iye ẹ̀mí) rẹ̀ kéré jù. Goblin ní 7, àròpọ̀ dáìsì sì sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 22, torí náà goblin mẹ́ta lè sùn lọ fọnfọn. Kò sí saving throw. Àmọ́ ọfọ̀ yìí kò mọ ọ̀rẹ́: bí wizard yín tó ní 6 bá wà láàárín wọn, òun ló máa kọ́kọ́ wó lulẹ̀. Kì í ran ogre tó ní 59, nítorí 40 ni gbogbo dáìsì yẹn lè dé.

Concentration, ìyẹn ìfọkànsí tí ọfọ̀ kan ń béèrè kó má baà já, ni ibi tí ọ̀pọ̀ bard ti ń kùnà. Faerie Fire, Invisibility, Hold Person, Suggestion àti Heat Metal, gbogbo wọn ló ń béèrè rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo lẹ sì lè dì mú. Bí ẹ bá pe ìkejì, ti àkọ́kọ́ já nìyẹn. Bí wọ́n bá lù yín, ẹ ó ju dáìsì pẹ̀lú Constitution (líle ara): 10 lẹ gbọ́dọ̀ dé, tàbí ìdajì ìpalára náà bó bá ju 10 lọ. Lílù tó ṣe ìpalára 26 ń béèrè 13. Bí ẹ bá ti kó mẹ́ta tó ń béèrè concentration jọ, ẹ wá nǹkan mìíràn.

Ọwọ́ náà tún wà níbẹ̀. Ohun èlò orin, ì báà jẹ́ lute, fèrè tàbí ìlù, lè dúró fún àwọn èròjà ọfọ̀ (nǹkan tí ọfọ̀ ń béèrè kí ẹ mú lọ́wọ́), ọwọ́ tó dì í mú sì lè ṣe ìfọwọ́júwe ọfọ̀ tó bá ní èròjà. Cure Wounds kò ní èròjà, ohùn àti ìfọwọ́júwe nìkan ló ń béèrè. Bí idà bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, tí lute wà lọ́wọ́ òsì, ẹ kò lè pè é àfi kí ẹ ju ọ̀kan sílẹ̀. Healing Word kò ní wàhálà yìí, ohùn nìkan ló fẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi Silence, ọfọ̀ tó ń pa ohùn rẹ́, bò yín, ó tán. Èròjà tí wọ́n bá sì dá iye lé kò ṣe é fi lute rọ́pò: Identify ń béèrè péálì tó tó owó wúrà 100, ẹ gbọ́dọ̀ rà á.

Bardic Inspiration, dáìsì ìwúrí tí bard ń fún ẹlẹgbẹ́, kì í ṣe ọfọ̀, àmọ́ bonus action kan náà ló ń jẹ. Ẹ pín in fún ẹlẹgbẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjà, kí ẹnikẹ́ni tó ṣubú, torí tó bá yá Healing Word ni yóò gba àyè yẹn.

Bí ẹ bá ń gun ìpele, òfin fún yín láyè láti pààrọ̀ ọfọ̀ kan. Sleep ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ ní ìpele 3 tàbí 4, kí ẹ fi ọfọ̀ ìpele 2 rọ́pò rẹ̀. Kí ẹ tó jókòó sídìí tábìlì, ẹ béèrè ìwé tí Dungeon Master (olùdarí eré) yín ń lò, torí nínú ti 2024, Healing Word ti di dáìsì olójú 4 méjì, Inspiration sì ń pé wákàtí kan dípò ìṣẹ́jú 10.