Ẹ Má Mú Ìtàn Brighton Láti Ọ̀dọ̀ Ọba: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Bí wọ́n bá ní kí èèyàn sọ ìtàn Brighton, ìlú ìgbafẹ́ etí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1783 ni ọ̀pọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìgbà tí ọmọ ọba tó wá jẹ George Kẹrin kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ti sọ onílé di àlejò nìyẹn. Àwọn apẹja ló ni ìlú. Àwọn Faransé dáná sun ún ní 1514, ìjì 1703 àti ti 1705 sì ba àwọn ilé ìsàlẹ̀ tó wà létí omi jẹ́. Ìlú tó ti ń jó rẹ̀yìn ni Dókítà Richard Russell láti Lewes, ìlú kan nítòsí, wá bá.

Russell yìí gan-an kò ṣeé fò. Ní 1750 ó tẹ ìwé kan jáde lédè Látìnì pé omi òkun ń wo àwọn àìsàn bíi kókó tó ń so síni lọ́rùn. Kì í ṣe ìwẹ̀ nìkan o, ó ní kí aláìsàn máa mu ún pẹ̀lú! Àwọn olówó gbà á gbọ́, wọ́n ń wá. Ní 1753 ó kọ́lé sí Steine, pápá koríko tí àwọn apẹja máa ń sá àwọ̀n wọn sí. Bí àlejò ṣe ń pọ̀ sí i ni àyè àwọ̀n ń dín kù, títí wọ́n fi fi irin yí koríko náà ká. Ìjà ilẹ̀ yìí ló yẹ kí ìtàn ìlú gbé yọ, kì í ṣe aṣọ ọmọ ọba.

Àṣìṣe tó tún ń bí mi nínú ni pé rélùwéè ló sọ Brighton di ńlá. Rárá. Ọkọ̀ ojú irin láti London dé ní oṣù kẹsàn-án 1841. Nínú ìkànìyàn 1801, èèyàn ibẹ̀ lé díẹ̀ ní 7,000. Nínú ti 1841, kí ọkọ̀ náà tó dé, wọ́n ti lé ní 46,000. Irú ẹni tó ń wá ni rélùwéè yí padà, torí mẹ̀kúnnù náà wá lè lọ kí ó sì padà lóòjọ́. Ọbabìnrin Victoria ò fẹ́ràn ọ̀pọ̀ èrò tó ń rọ́ wá yẹn, nígbà tó sì di 1850 ìlú ra Royal Pavilion, ààfin George Kẹrin ní Brighton.

Ẹ má sì rí òrùlé ààfin náà tó jọ ti Íńdíà kí ẹ ní ará Íńdíà ló kọ́ ọ. John Nash, ayàwòrán ilé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é láàárín 1815 sí 1822, kò sì dé Íńdíà rí. Bí ẹ bá ń wá ará Íńdíà nínú ìtàn yìí, ẹ wo Sake Dean Mahomed, ọmọ Patna, tó ní ilé ìwẹ̀ ní Brighton tó sì ń tọ́jú ọba fúnra rẹ̀. Àwọn sójà Íńdíà tí ẹ máa rí nínú fọ́tò àtijọ́, tí wọ́n dùbúlẹ̀ sábẹ́ òrùlé yẹn, ogun àgbáyé kìíní ló gbé wọn débẹ̀, nígbà tí ààfin di ilé ìwòsàn.

Nípa fọ́tò, ẹ ṣọ́ra fún àwọn afárá ìgbafẹ́ tó wọnú òkun. Mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n sì máa ń dàrú mọ́ni lójú. Èyí tó so rọ̀ mọ́ ṣéènì, ìyẹn Chain Pier, 1823 ni wọ́n ṣí i, ìjì sì gbé e lọ ní 1896. West Pier, ti 1866, ló jóná ní 2003. Palace Pier tó ṣì wà kò ṣí títí di 1899. Nítorí pé ti ṣéènì ti lọ ní 1896, fọ́tò tó bá gbé e jáde kò lè jẹ́ ti ọ̀rúndún 20.