Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí ayẹ̀wò kòkòrò tí oògùn kò ràn ní ICU

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára tipẹ́. ICU (wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an) tó bá rówó ná ló ń ṣe ayẹ̀wò yìí báyìí: swab (òwú orí igi tí a fi ń nu ibi tí a fẹ́ yẹ̀ wò) imú láti wá MRSA, ìyẹn Staphylococcus tí methicillin kò ràn, swab ìdí láti wá ESBL, ìyẹn àwọn kòkòrò tó ń ṣe èròjà tó ń ba oògùn bíi ceftriaxone jẹ́, àti àwọn kòkòrò tí carbapenem, ẹbí oògùn alágbára bíi meropenem, kò ràn. Wọ́n á ṣe é lọ́jọ́ tí aláìsàn wọlé, wọ́n á sì máa tún un ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí èsì bá dé tán ni nǹkan máa ń dojú rú, pàápàá lọ́wọ́ àwọn dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wọ́ọ̀dù. Ohun tí mi ò fẹ́ kí ẹ máa ṣe mọ́ nìyí.

1. Ẹ má ṣe tìtorí swab nìkan kọ oògùn. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Kòkòrò tó wà nínú ìfun aláìsàn dà bí ayálégbé tó jókòó jẹ́ẹ́ sí yàrá rẹ̀: ó wà ńbẹ̀, kò tíì bá ẹnikẹ́ni jà. Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Kò ní ibà, ìfúnpá rẹ̀ dúró dáadáa, ojú abẹ gbẹ. Láàbù pè pé swab ìdí rẹ̀ hu Klebsiella, kòkòrò inú ìfun kan, tí meropenem kò ràn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti so oògùn colistin kọ́ sí i. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìtọ̀ tó ń kán sínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ti dín kù, ó ti dúdú, creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín yẹ kó máa fọ̀ dànù, sì ń gòkè. Ta ni kò mọ̀ pé colistin máa ń ba kíndìnrín jẹ́? Ọkùnrin tí kò ní àkóràn kankan la fi oògùn ṣe léṣe. Nígbà tí wọ́n tún swab náà ṣe, Klebsiella ọ̀hún ṣì wà níbi tó wà, nítorí oògùn ojú iṣan kò lè fọ ìfun mọ́. Ìtọ́sọ́nà tí ESCMID àti EUCIC, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àkóràn ní Yúróòpù, gbé jáde ní 2019 pàápàá kò fọwọ́ sí i pé kí a sọ ọ́ dàṣà láti máa fi oògùn lé irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ kúrò lára ẹni tó kàn gbé e.

Kí wá ni èsì yẹn wà fún? Lákọ̀ọ́kọ́, ìbọ̀wọ́, aṣọ ìdáàbòbò, àti yàrá ọ̀tọ̀ bó bá wà. Èkejì, bí ara aláìsàn náà bá dédé yí padà lóru, tí ìfúnpá rẹ̀ já wálẹ̀, ẹ ti mọ oògùn tí ẹ ó kọ́kọ́ fà. Síbẹ̀, ẹ rántí pé ẹni tó gbé ESBL tó wá ní àkóràn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kòkòrò mìíràn máa ń fà á.

2. Ẹ má fojú kéré èsì tó sọ pé "kò sí". Èmi gbà pé òun ló níye lórí jù. Bí swab imú kò bá rí MRSA, ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí MRSA jẹ́ ohun tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn náà jà. Ẹ dá vancomycin, oògùn tí a fi ń bá MRSA jà, dúró! Owó ayẹ̀wò ti lọ, owó vancomycin ṣì ń lọ, owó àyẹ̀wò ìwọ̀n oògùn nínú ẹ̀jẹ̀ tún ń tẹ̀ lé e, nítorí ẹ̀rù ń ba ẹni tó yẹ kó fagi lé e. Ẹ̀dọ̀fóró ni mo sọ o. Ẹ má fi ṣe ìdájọ́ àkóràn ọgbẹ́ tàbí ti ẹ̀jẹ̀.

3. Swab ìdí tí kò ní àwọ̀ ìgbẹ́ lára, ẹ má fi ránṣẹ́ sí láàbù.

4. Swab ọjọ́ tí aláìsàn wọlé kò lè sọ bó ṣe rí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ẹ̀rọ tó ń bá a mí. Kòkòrò ń gba ọwọ́ wa kọjá láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì.

Acinetobacter, kòkòrò ICU mìíràn, náà tún ń tàn wọ́n jẹ. Swab ìdí máa ń fò ó dá. Ara àti itọ́ inú ọ̀fun ni kí ẹ ti wá a.

Orúkọ tún ṣe pàtàkì. "Carbapenem kò ràn án" kò tó. Èròjà wo ni kòkòrò náà fi ń ba oògùn jẹ́: ṣé KPC ni, àbí OXA-48, àbí NDM? Ceftazidime-avibactam sábà máa ń ran méjì àkọ́kọ́, kò ran NDM, àfi tí a bá fi oògùn aztreonam kún un. Oògùn olówó gọbọi ni, mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti fà á sára ẹni tí kòkòrò rẹ̀ ní NDM, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pe láàbù. PCR, ayẹ̀wò tó ń wá àbùdá kòkòrò, lè sọ orúkọ náà láàárín nǹkan bíi wákàtí kan. Èyí tí wọ́n gbìn ní láàbù kí kòkòrò lè hù lè gba ọjọ́ kan sí méjì.

Swab kò sì lè rọ́pò ẹ̀jẹ̀ tí a gbìn ní láàbù láti wo kòkòrò tó máa hù. Bí ẹ bá fura sí àkóràn, ẹ fa ẹ̀jẹ̀ láti ojú ibi méjì, mìlílítà 8 sí 10 nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, kí oògùn tó wọlé. Bí èsì rẹ̀ bá dé láàárín wákàtí 48 sí 72, tó sì jẹ́ pé ceftriaxone, oògùn tí agbára rẹ̀ kò tó ti meropenem, ran kòkòrò tí wọ́n rí, ẹ sọ meropenem kalẹ̀, bí swab ìdí tilẹ̀ kún fún ESBL. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ oògùn ni kí ẹ ti kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ máa tún un gbé yẹ̀ wò sínú fáìlì, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó máa ṣe é sí i, torí ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín lálẹ́ kò ní dá a dúró bí kò bá rí i kà.