Bí Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Akẹ́rù Bá Há Lẹ́yìn Iṣẹ́ Kílọ́ọ̀ṣì

Bí ọkọ̀ bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé mẹkáníìkì, tí wọ́n pààrọ̀ fúláíwíìlì (irin rìbìtì wúwo tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì) àti kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ (èyí tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì), tí ẹ́ńjìnnì kò wá yí mọ́ nígbà tí wọ́n tò ó tán, ẹ má tètè gbà fún ẹni tó bá ní ó ti nọ́ọ̀kì. Àìsí ọ́ìlì àti ooru àjùlọ ló sábà máa ń fa ìyẹn, ojú iṣẹ́ ló sì ti ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe orí ìdúró. Ibi tí wọ́n tú ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ṣé lóòótọ́ ló há?

Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tó dún “kọ́” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ iná ni kò dé. Ara gíábọ́ọ̀sì ni wáyà ẹ́ẹ̀tì tó nípọn, èyí tó wá láti nẹ́gétíìfù bátìrì, sábà máa ń wà, ẹni tó tú u sì lè gbàgbé láti dá a padà. Ẹ wọn bátìrì náà: èyí tó kún máa ń tó 12.6 fóòtì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tú orí nẹ́gétíìfù bátìrì, ẹ fi jíà sí fírì, ẹ fi òkúta di táyà. Ẹ fi sípánà ọlọ́wọ́ gígùn mú bóòtù àárín púlì kiránkì níwájú ẹ́ńjìnnì (kiránkì ni irin gígùn tí ẹ́ńjìnnì ń yí), kí ẹ yí i sí apá ibi tí ẹ́ńjìnnì máa ń yí sí nìkan. Lára ẹ́ńjìnnì oní-sílíńdà mẹ́rin, ẹ ó pàdé ibi líle ní ìdajì yíyí kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá dúró tì í, yóò rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sí àìsàn nínú ìyẹn, ti dísẹ̀lì ló sì máa ń le jù. Bí ó bá yí po lẹ́ẹ̀mejì, kò há. Ẹ lọ yẹ iná àti sítátà wò. Bí ó bá dá gbọn-in bí irin tó kan irin, ẹ dúró. Ẹ má fi páìpù fa ọwọ́ sípánà gùn, ẹ má sì jẹ́ kí ọkọ̀ mìíràn fà á nínú jíà.

Níbo ló ti há?

Kí ẹnì kan tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ bí ẹ ti ń yí i. Bí ó bá tú sílẹ̀, inú gíábọ́ọ̀sì ni wàhálà wà. Bí kò bá tú, ẹ yọ sítátà, kí ẹ tún yí i, torí eyín sítátà lè há mọ́ ti fúláíwíìlì. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò tó fi sílẹ̀: irin tí wọ́n fi dá fúláíwíìlì dúró lè ṣì wà níbẹ̀, bóòtù lè ti já sínú, páànù ààbò lè ti tẹ̀ kan eyín.

Bí ibẹ̀ bá mọ́, ìdánwò tó kàn ló ń sọ̀rọ̀ jù. Ẹ gbé ọkọ̀ lé ìdúró irin; jáàkì nìkan kò tó fún ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ fi jáàkì mìíràn gbé gíábọ́ọ̀sì ró, ẹ dẹ gbogbo bóòtù tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì títí àlàfo mílímítà mélòó kan yóò fi yọ, kí ẹ tún yí i. Bí ó bá tú, wọ́n ti fún nǹkan pa láàrin àwọn méjèèjì. Wọ́n lè ti dojú díìsì kílọ́ọ̀ṣì kọ ẹ̀yìn, kí àárín rẹ̀ máa ha orí bóòtù fúláíwíìlì. Ọ̀pọ̀ díìsì ni wọ́n kọ “FLYWHEEL SIDE” sí lára. Tàbí kẹ̀, ṣáfúútì gíábọ́ọ̀sì kò wọ ihò rẹ̀ dáadáa, wọ́n wá fi bóòtù fà á wọlé tipátipá. Ọwọ́ ló yẹ kó ti gíábọ́ọ̀sì wọlé títí ojú irin méjèèjì yóò fi pàdé, kí wọ́n tó fún bóòtù kankan.

Bí kò bá tú, gíábọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ẹ fi bóòtù fúláíwíìlì tuntun wé ti àtijọ́: lára àwọn ẹ́ńjìnnì kan, èyí tó gùn jù máa ń la ara kiránkì já, ṣóńṣó rẹ̀ a sì gún bọ́lọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì gan-an. Bí fúláíwíìlì bá sọ̀kalẹ̀ tí ó ṣì há, ẹ tú bẹ́líìtì ìta tó wà níwájú (kì í ṣe ti táímìn), bóyá ohun tó ń yí ló há, lẹ́yìn náà kí ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, bóyá omi wà nínú sílíńdà. Ẹ má gbé ojú lé ihò náà bí ẹ ti ń yí i.

Nígbà títò padà, ẹ ní kí mẹkáníìkì fi ọwọ́ yí kiránkì lẹ́yìn tó bá de fúláíwíìlì, lẹ́yìn kílọ́ọ̀ṣì, àti lẹ́yìn gíábọ́ọ̀sì, kí sítátà tó wọlé.